Mẹ́rìndínlógún: Ìtumọ̀ Iye Kan tí Ó Ń Bá Wa Rìn

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ìjòyè àti àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ ní Ìwòpin

Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò pọ̀. Iye kan ṣoṣo ni ó dá lé lórí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ bá wa lọ, ẹ ó rí i pé iye kan ṣoṣo lè pa ìwà odindi orílẹ̀-èdè kan mọ́ sínú ara rẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn tí a ti kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ẹni tí iṣẹ́ gbé dé ilẹ̀ Jàpáànì, kọ̀wé sí wa. Ó ní bí òun ti ń ti tẹ́ḿpìlì kan bọ́ sí òmíràn láàrin àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, iye kan náà ni ó ń pàdé òun níbi gbogbo, èyíinì ni 108. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi ń gbàdúrà, ẹyọ 108 ni. Ní òru ọjọ́ tí ọdún ń parí, ẹ̀ẹ̀mejìdínláàádọ́fà ni wọ́n ń lu agogo ńlá inú tẹ́ḿpìlì. Kì í sì í ṣe Jàpáànì nìkan. Ní orí òkè Dochula ní ilẹ̀ Bhutan, ilé ìrántí 108 ni wọ́n kọ́ sójú kan, tí wọ́n sì yà sí mímọ́ ní 2004. Àwọn ará Tíbẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ní ìtàn kan pé tẹ́ḿpìlì 108 ni ọba wọn àtijọ́, Songtsen Gampo, kọ́ láti fi mú ilẹ̀ náà dúró.

Àwọn olùkọ́ ẹ̀sìn náà kò fi iye yìí sílẹ̀ láìní àlàyé. Ọ̀kan nínú àlàyé wọn nìyí. Ọ̀nà mẹ́fà ni ayé fi ń wọ inú ènìyàn: ojú, etí, imú, ahọ́n, ara, àti ọkàn. Ohun tí ó gba ọ̀nà kọ̀ọ̀kan wọlé lè dùn mọ́ wa, ó lè bà wá nínú jẹ́, ó sì lè má ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó di 18. A lè rọ̀ mọ́ ọn, a sì lè jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó di 36. Ó lè jẹ́ ti àná, ti òní, tàbí ti ọ̀la; ó di 108. Wọ́n ní gbogbo ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ tí ń da ọmọ aráyé láàmú ni a kà tán báyìí, àti pé ìró agogo kọ̀ọ̀kan ń lé ọ̀kan lọ.

Ní ìparí ìwé rẹ̀ ni ó bi wá léèrè pé, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, iye wo ni tiwa, kí sì ni ìtumọ̀ rẹ̀?”

Ẹ̀yin ará, ìdáhùn wà lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n ojú tì wá láti sọ ọ́, nítorí a rántí ẹni tí ó kọ́kọ́ fi hàn wá, àti ohun tí a fi san án fún un. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, ní ọjọ́ kan, a ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mú méjì, kí wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí wọ́n sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí wọn yóò fi ní méjì lọ́nà mẹ́jọ. Bí àwọn yòókù ti tẹ orí ba tí wọ́n ń ṣírò sórí ìwé, ọmọkùnrin kan nawọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ní, “Igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni, sà.” A bi í bí ó ti ṣe mọ̀ ọ́n. Ó ní, “Iye Odù ni, sà.” Babaláwo ni baba rẹ̀. Dípò kí a yìn ín, a fi í ṣe ẹlẹ́yà níwájú gbogbo kíláàsì. A ní ilé ìwé kì í ṣe ojúbọ. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ yẹn kò nawọ́ mọ́ nínú kíláàsì wa. Kí ọdún tó parí, ó ti fi ilé ìwé sílẹ̀.

Ìdáhùn tí ọmọ náà fún wa tọ̀nà, bí a ó ti ṣe àlàyé rẹ̀ nísinsìnyí. Ikin mẹ́rìndínlógún ni babaláwo ń dì mú. Yóò fi ọwọ́ kejì gbá a; bí ó bá ku ẹyọ kan, yóò tẹ ojú méjì sórí ìyẹ̀rosùn; bí ó bá ku méjì, yóò tẹ ojú kan. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni yóò tẹ̀ ẹ́, mẹ́rin ní apá ọ̀tún, mẹ́rin ní apá òsì. Ohun tí a lè tẹ̀ sí apá kan ṣoṣo ní ẹ̀ẹ̀mẹrin jẹ́ méjì lọ́nà mẹ́rin, èyíinì ni mẹ́rìndínlógún. Nígbà tí apá méjèèjì bá sì pàdé, mẹ́rìndínlógún lọ́nà mẹ́rìndínlógún ni, tí í ṣe 256. Nínú èyí, mẹ́rìndínlógún ni ojú Odù, bẹ̀rẹ̀ láti orí Èjì Ogbè. 240 yòókù ni àmúlù, tí a ń pè ní ọmọ Odù. Bí ó ṣe ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni babaláwo dà, ojú mẹ́jọ ni ó ní, èsì kan náà ni yóò sì fún un. Ẹni tí ó ń fi ẹyọ owó dá òrìṣà, mẹ́rìndínlógún ni owó rẹ̀, orúkọ iye náà gan-an ni a sì fi ń pe iṣẹ́ rẹ̀.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni èyí mọ sí. Àwọn Fọ̀n ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń pè é ní Fá, àwọn Ewé ní Tógò ń pè é ní Afá, mẹ́rìndínlógún náà ni wọ́n sì ń kà. Àwọn àáfà tí ń tẹ yanrìn, tí wọ́n gba ìmọ̀ wọn láti ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá, mẹ́rìndínlógún ni àmì tiwọn pẹ̀lú. Ní 2005 ni àjọ UNESCO kéde Ifá láàrin àwọn iṣẹ́ ọgbọ́n tí ó yẹ kí aráyé tọ́jú, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ogún aráyé ní 2008. Ohun tí a fi lé ọmọ wa jáde, òun ni aráyé ń fi ọwọ́ méjèèjì gbà.

Ẹ má ṣì wá gbọ́. Kristẹni ni àwa, a sì ń wàásù Kristi. A kò wá pe ẹnikẹ́ni sí ìdí ikin. Ṣùgbọ́n àwọn àlùfáà tí ó ṣáájú wa kò bẹ̀rù láti béèrè. Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson tẹ ìwé jáde lórí ẹ̀sìn àbáláyé Yorùbá ní 1899; E. M. Lijadu, tí ó ṣiṣẹ́ ìhìn rere ní Oǹdó, jókòó ti àwọn babaláwo, ó sì kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ tẹnu ẹnìkejì rẹ̀, kí ni yóò fi dá a lóhùn?

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ọjọ́ wa. Ọ̀sẹ̀ àtijọ́ jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí ó bá yí lẹ́ẹ̀mẹrin, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni ó pé. Ṣùgbọ́n ìtàdógún ni a ń pe ọjọ́ ìpàdé tí ó ń yí bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn baba wa ka ọjọ́ tí wọ́n túká mọ́ ọjọ́ tí wọ́n tún pé jọ. Wọn kò fẹ́ kí ọjọ́ kankan bọ́ sẹ́yìn ìkà.

Nígbà náà ni Agẹmọ wá. Ẹ̀yin tí ẹ wà níhìn-ín mọ̀ ọ́n jù wá lọ, ohun tí ó sì jẹ́ awo, kí ó máa jẹ́ awo. Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni a ó sọ. Mẹ́rìndínlógún ni àwọn Alágẹmọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ìlú wọn kò pa pọ̀: Tami ń bọ̀ láti Odògbolú, Petu láti Ìṣíwọ̀, àwọn yòókù sì ń gba ọ̀nà tiwọn bọ̀, títí wọn yóò fi bá Posa ní Ìmọ̀sàn, tí wọn yóò sì súre fún Awùjalẹ̀ àti fún gbogbo ilẹ̀. Bí ipò ọ̀kan nínú wọn bá tilẹ̀ ṣófo, a kì í yí orúkọ wọn padà sí Agẹmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n. Àyè ẹni tí kò sí ń dúró dè é.

Kí wá ni ìtumọ̀ iye yìí? A fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ láti inú orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mẹ́rìn-dín-ní-ogún: mẹ́rin ni ó dín kí ó tó pé ogún. Àwọn ẹ̀yà mìíràn ń ka mẹ́wàá, wọ́n sì ń fi mẹ́fà lé e. Wọ́n ń ka ohun tí ó wà lọ́wọ́. Yorùbá ń wo iwájú sí ogún, ó sì ń dárúkọ àwọn tí kò tíì dé. Nínú ohun tí ó pé lójú wa gan-an, èdè wa ń rántí ẹni tí ó kù. Ìtumọ̀ tí àwa rí nìyí.

Ìwé Mímọ́ kò tako èyí. Nígbà tí Júdásì ṣubú, àwọn àpọ́sítélì kò sọ pé mọ́kànlá tó. Wọ́n yan Màtíásì kí méjìlá lè pé. Olúwa wa pẹ̀lú sọ ti olùṣọ́ àgùntàn tí ó fi mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún sílẹ̀ nítorí ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dáfídì ka àwọn ènìyàn láti fi yangàn agbára rẹ̀, ìbínú ni ó kà wọlé. Àwọn baba wa náà mọ ìyàtọ̀ yìí, wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìkà ìgbéraga yàtọ̀ sí ìkà ìtọ́jú.

Nígbà àkọ́kọ́ tí a wọ ọkọ̀ ojú omi láti Èpẹ́ wá sí ìlú yín yìí, a rí ọlọ́kọ̀ àgbàlagbà kan tí kò nawọ́ sí ẹnikẹ́ni láti kà á. Bí èrò kọ̀ọ̀kan ti ń wọlé, ó ń ju òkúta wẹ́wẹ́ kan sínú igbá. Nígbà tí a gúnlẹ̀, bí a ti ń bọ́ sílẹ̀, ó ń mú òkúta kọ̀ọ̀kan jáde. Ó ku òkúta kan nínú igbá. Ọkùnrin náà kò kúrò lójú kan. Ó padà sínú ọkọ̀, ó sì rí ọmọdé kan tí ó ti sùn lọ sábẹ́ àpò. Òkúta yẹn kò ní oògùn kankan nínú. Ṣùgbọ́n òun ni kò jẹ́ kí a gbàgbé ọmọ.

Nítorí náà ni ó ṣe dùn wá pé iye ti di ohun títà lónìí. Ọ̀dọ́ ń lá àlá nọ́ńbà, ó sì ń jí lọ fi owó oúnjẹ ta tẹ́tẹ́. Àwọn kan ń pe ara wọn ní wòlíì, wọ́n ń ní kí opó tan àbẹ́là 7, kí ó sì wẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mọkànlélógún, kí ọrọ̀ lè wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ kan náà kò lè ka ogún ní èdè baba rẹ̀ láìfi Gẹ̀ẹ́sì há a láàrin. Àwọn baba wa kò fi mẹ́rìndínlógún wá owó. Wọ́n fi kó ìlú jọ, wọ́n sì fi pa ọgbọ́n mọ́.

Ẹ̀yin ìjòyè, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí Ẹgbẹ́ yìí rán ọ̀dọ́ tí ó mọ ìwé sí ọ̀dọ̀ àwọn àgbà etí ọ̀sà, kí wọ́n kọ ìkà ọjọ́, ìkà ẹja àti ìkà owó wọn sílẹ̀ kí ẹnu wọn tó pa mọ́. Èkejì, kí a kọ́ ọmọ ní ìkà Yorùbá láti oókan dé igba nínú ilé ìwé gbogbo. Ẹ̀kẹta ni ó ṣòro jù: kí olùkọ́ kankan má ṣe pa ọmọ lẹ́nu mọ́ nítorí ilé tí ó ti wá, ìbáà jẹ́ ilé babaláwo, ilé àáfà, tàbí ilé àlùfáà.

A kọ èsì sí ọmọ wa ní Jàpáànì pé mẹ́rìndínlógún ni iye tiwa, a sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un bí a ti sọ ọ́ fún yín. A tún sọ fún un pé a ti wá ọmọkùnrin yẹn lọ sí ìlú baba rẹ̀ láti tọrọ àforíjì. Wọ́n ní ó ti lọ sí ìdálẹ̀, wọn kò sì mọ ibi tí ó wà. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá pàdé ọkùnrin kan tí ó ti di àgbà báyìí, tí ó sì mọ ìdí tí 256 fi jẹ́ iye Odù, ẹ bá wa sọ fún un pé olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́ ń wá a. Títí a ó fi rí i, òkúta kan ṣì kù nínú igbá wa.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a dín.