Orin Ọ́pẹ́rà Yorùbá: Kí Ni Kì Í Jẹ́ Kí Ó Gbó?

Ọ̀rọ̀ orin ni ọ̀rọ̀ tòní. Kì í ṣe gbogbo orin, bí kò ṣe èyí tí a bá nínú ọ́pẹ́rà, ìyẹn eré orí ìtàgé tí ó jẹ́ pé orin ni a fi ń pa ìtàn inú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé eré a máa parí. Iná orí ìtàgé a kú, àwọn òṣèré a kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀, wọn a sì gba ìlú mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n orin kan tàbí méjì a máa ṣẹ́kù sẹ́nu àwọn tí ó wòran. Ẹni tí ó dá orin sílẹ̀ lè kú, ẹgbẹ́ rẹ̀ lè túká, síbẹ̀ kí orin náà wà láàyè. Kí ni ó fà á? Ó yẹ kí a yẹ ìbéèrè yìí wò kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó mú nǹkan wà láàyè kò lè mọ ohun tí yóò pa á.

Àwọn ará Ítálì ni ó kọ́kọ́ gbé irú eré yìí kalẹ̀ ní ìlú Florence, ní nǹkan bí ọdún 1600. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn ká ilẹ̀ Yúróòpù. Ohun tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ máa ń rántí jù ni orin àdákọ, èyí tí wọ́n ń pè ní aria, tí òṣèré kan ṣoṣo fi ń tú ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ síta. Puccini kú ní 1924 kí ó tó parí eré rẹ̀ tí ń jẹ́ Turandot. 1926 ni a ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Milan. Orin àdákọ kan wà nínú rẹ̀, 'Nessun dorma'. Nígbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù Ife Àgbáyé ní Ítálì ní 1990, ilé-iṣẹ́ BBC fi orin yìí, gẹ́gẹ́ bí Luciano Pavarotti ti kọ ọ́, bẹ̀rẹ̀ ètò bọ́ọ̀lù wọn lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn tí kò gbọ́ èdè Ítálì, tí wọn kò sì dé ilé ọ́pẹ́rà rí, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu kùn ún.

Orin mìíràn tún wà tí kì í ṣe àdákọ. Ní 1842, Verdi gbé Nabucco jáde ní Milan. Nínú eré náà, àwọn Hébérù tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì jùmọ̀ ń fi orin rántí ilẹ̀ wọn. Nígbà tí Verdi kú ní 1901, tí wọ́n ń gbé òkú rẹ̀ lọ sí ibi ìsinmi rẹ̀ ìkẹyìn, orin ogunlọ́gọ̀ yìí ni ẹgbẹ́ akọrin ńlá fi sìn ín. Ọ̀nà méjì nìyí tí orin eré fi ń pẹ́ láyé. Èkíní gbára lé ọ̀fun ẹni tí ó ní ẹ̀bùn. Èkejì gbára lé ẹnu ogunlọ́gọ̀. Ọ̀nà kejì ni ọ́pẹ́rà Yorùbá tọ̀ jù. Ohun tí ó sì mú un tọ̀ ọ́ wà nínú èdè Yorùbá fúnra rẹ̀.

Inú ilé ìjọsìn ni ọ́pẹ́rà Yorùbá ti bẹ́ jáde. Ní 1944, Hubert Ògúndé, ọmọ Òsósà, tí ó ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá nígbà náà, gbé eré kan kalẹ̀ fún ìjọ Aládùúrà kan ní Èkó. Ìtàn ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run ni eré náà dá lé, gbọ̀ngàn Glover ni wọ́n sì ti ṣe é. Kò pẹ́ tí ó fi bọ́ aṣọ ọlọ́pàá sílẹ̀ tí ó sì sọ eré ṣíṣe di iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ní 1964, nígbà tí ìjà òṣèlú ń gbóná ní Ìwọ̀-Oòrùn, ó gbé Yorùbá Ronú jáde. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó di 1966, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba, kí a tó mú òfin náà kúrò. Òfin lè ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, kò lè ti ẹnu. Ògúndé kú ní 1990, síbẹ̀ àwọn tí a kò tíì bí ní 1964 mọ orin náà, wọ́n sì ń kọ ọ́ nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan ọmọ Yorùbá bá délẹ̀.

Kí ni ó mú kí irú orin bẹ́ẹ̀ rọrùn láti gbà sẹ́nu tó báyìí? Ẹ jẹ́ kí a rántí pé èdè olóhùn ni èdè Yorùbá. Ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kọ̀ tí ọdẹ fi ń gún ẹran yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Bí orin bá ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ìtumọ̀ yóò dàrú. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí sí ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin ìyìn tí a túmọ̀ láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a sì fi ohùn orin òyìnbó kọ. Ẹni tí ó mú ìwé lọ́wọ́ mọ ohun tí òun ń kọ. Ẹni tí ó ń gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. T. K. E. Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Krístì ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣàlàyé bí ohùn orin àti ohùn ọ̀rọ̀ ti so mọ́ra nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, tí ó jáde ní 1953.

Ẹni tí ó wá gbé ọ̀rọ̀ yìí dé góńgó lórí ìtàgé ni Dúró Ládípọ̀. Ní 1961, ó ṣe orin Àjíǹde kan fún ìjọ rẹ̀ ní Òṣogbo, ó sì fi ìlù ìbílẹ̀ sí i. Inú àwọn kan nínú ìjọ kò dùn sí ìlù náà. Kàkà kí ó fi ìlù sílẹ̀, òde ilé ìjọsìn ni ó gbé orin rẹ̀ lọ. Ní 1963, ó ṣe Ọba Kò So ní Mbári Mbáyọ̀ ní Òṣogbo. Nígbà tí ó sì di 1964, ó gbé e dé Berlin ní Jámánì. Ìtàn Aláàfin Ṣàngó ni, ẹni tí ó dẹ àwọn balógun rẹ̀ méjì, Tìmì àti Gbọ̀ǹkáà, sí ara wọn, tí ọ̀ràn náà sì yí padà lé e lórí. Ládípọ̀ kò lo fèrè òyìnbó bí ti Ògúndé. Dùndún àti bàtá ni ó fi ṣe é, pẹ̀lú oríkì àti ìjálá. Ohun tí ẹnu ń sọ náà ni ìlù ń sọ. Òǹwòran tí ó gbọ́ Yorùbá kò ní iṣẹ́ méjì láti ṣe: bí ó bá ti mú ọ̀rọ̀, ó ti mú orin.

Ọmọ Èkìtì ni ẹnìkẹta wọn. Òkèmẹ̀sí ni a ti bí Kọ́lá Ògúnmọ́lá ní 1925. Ní 1963, lẹ́yìn ìgbà tí ó lò ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó gbé Láńkẹ́ Ọ̀mùtí jáde láti inú ìwé tí Amos Tutùọlá tẹ̀ ní 1952. Demas Nwoko ni ó ṣe ọ̀ṣọ́ ìtàgé fún un. Adẹ́mu Láńkẹ́ kú, ọ̀mùtí náà sì gbéra, ó wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni lójú, ṣùgbọ́n ta ni kò ní ẹni tí ìbá wá lọ bí ọ̀nà bá wà? Ògúnmọ́lá kú ní 1973, kò tíì pé àádọ́ta ọdún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá kàn Èkìtì gan-an nìyí. Bí ènìyàn bá lọ sí gúúsù Èkìtì, sí Ìkẹ́rẹ́ tí ó jókòó sí ẹsẹ̀ òkè Olósùnta, sí Ìsẹ̀ àti sí Èmùré, yóò gbọ́ irú orin kíkọ kan tí kò wọ́pọ̀ ní Ọ̀yọ́. Bí àwọn ará Ọ̀yọ́ bá ń gbe orin, ohùn kan náà ni gbogbo wọn ń gbà, bí ti ọkùnrin tilẹ̀ wà nísàlẹ̀ tí ti obìnrin wà lókè. Àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà a máa gba ohùn méjì pọ̀: bí àwọn kan ti ń kọ ohùn ìpìlẹ̀ ni àwọn mìíràn ń gba orí rẹ̀ lọ, tí àlàfo àárín méjèèjì sì dà bí ti 'do' sí 'mi'. Àwọn onímọ̀ nípa orin ti ṣàkíyèsí èyí tipẹ́.

Ẹwà nìkan kọ́ ni èyí. Ọgbọ́n èdè wà nínú rẹ̀. Nínú orin ìyìn olóhùn mẹ́rin ti òyìnbó, ohùn kan lè máa gòkè nígbà tí èkejì ń sọ̀ kalẹ̀. Bí a bá fi Yorùbá sí i, ẹni tí ó wà lókè lè máa pe ọkọ́ nígbà tí ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ ń pe ọkọ̀. Ohùn méjì ti Èkìtì kì í ya ara wọn bẹ́ẹ̀. Bí èkíní bá gòkè, èkejì a bá a gòkè. Bí ó bá sọ̀, èkejì a bá a sọ̀. Orin dùn, ọ̀rọ̀ kò sì bàjẹ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Àwọn tí kò ka ìwé orin kankan ni ó dá ọgbọ́n yìí. Ẹni tí ó bá sì dàgbà sínú rẹ̀ kì í gbọ́ orin kí ó kàn káwọ́ gbera. Yóò wá ohùn tirẹ̀ gbà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

Àwọn kan lè sọ pé ìrántí ìgbà èwe lásán ni ó ń mú àwọn àgbà fẹ́ràn orin wọ̀nyí, tàbí pé rẹ́kọ́ọ̀dù tí a tà ni ó tàn wọ́n ká. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù nìkan ni, gbogbo orin tí a gbà sílẹ̀ ni ì bá ṣẹ́kù. Eré tí Ògúndé ṣe kì í ṣe kékeré, orin inú wọn kò sì lóǹkà. Díẹ̀ ni ó wà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Àwọn tí ó wà náà jọra: ọ̀rọ̀ inú wọn ṣì kan aráyé, ohùn wọn ń tọ ohùn ọ̀rọ̀, wọ́n sì ní ègbè tí ẹni tí kò ní ẹ̀bùn Pavarotti lè gbà láìtijú.

Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó gbé orin ró nìyí, ohun tí ó lè pa á kò jìnnà mọ́. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ òṣèré ti kúrò lórí ìtàgé lọ sínú fíìmù, lẹ́yìn náà sínú fídíò. Ọ̀rọ̀ ẹnu sì gba ipò orin. Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ọ̀rọ̀ inú Ọ̀mùtí sínú ìwé ní 1968. Láti inú téèpù ni a ti dà á kọ, iṣẹ́ ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n ìwé gba ọ̀rọ̀ dúró, kò gba ohùn orin dúró. Ẹni tí kò gbọ́ ọ rí kò lè kọ ọ́ láti inú ìwé.

Èyí tí ó tún le jù wà nínú ilé. Ọ̀pọ̀ òbí ni kì í bá ọmọ wọn sọ Yorùbá mọ́, ká má tilẹ̀ wá sọ ẹ̀ka-èdè Ìkẹ́rẹ́ tàbí ti Èmùré. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò lè ya ọkọ́ kúrò lára ọkọ̀ kò lè mọ ibi tí orin yẹ kó gbà. Ó lè fẹ́ràn rẹ̀ bí àwọn ará Berlin ti fẹ́ràn Ọba Kò So, kó máa wò ó láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n kò ní lè gbe é. Níyì Ọ̀ṣúndáre, akéwì tí a bí ní Ìkẹ́rẹ́ ní 1947, fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé ewì rẹ̀, The Eye of the Earth, tí ó jáde ní 1986. Ó dárúkọ Olósùnta nínú rẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí ìlù máa dún lábẹ́ àwọn ewì kan. Bí ẹni tí ó fi èdè àlejò kọ̀wé bá ṣì ń wá ìlù fún ọ̀rọ̀ rẹ̀, a jẹ́ pé ohun tí ẹni tí ó ní èdè náà lẹ́nu ní kò kéré.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni ó wà níwájú àwọn olùjíròrò wa. Èkíní: àwọn téèpù orin eré tí ó wà ní ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ta ni yóò tún wọn gbà sílẹ̀ kí wọ́n tó bàjẹ́? Èkejì: kí ni ó dé tí ẹgbẹ́ akọrin ilé ìjọsìn àti ti ilé-ìwé ní Èkìtì fi ń kọ́ ohùn mẹ́rin òyìnbó tọkàntọkàn, tí wọn kò sì kọ́ àwọn ọmọ ní ohùn méjì ti àwọn baba wọn? Ẹ̀kẹta ni èyí tí owó ìjọba kò lè yanjú: ní ilé tí a kò ti ń sọ Yorùbá, ta ni yóò gbe orin?

Orin tí a kò gbè, bí ó ti wù kí ó dùn tó, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó dá a ni yóò bá sùn. Ó di ọwọ́ àwọn olùjíròrò wa.