Ṣé Àwo Ìṣínu Lè Kó Àrùn Ẹ̀jẹ̀ Ran Ènìyàn?

  

Ẹ̀yin ará mi tẹ́ ẹ wà nídìí rédíò, lẹ́tà méjì ló fa ọ̀rọ̀ òní. Èkíní ní wọ́n gbọ́ pé ará mọ́sálásí wọn kan ní kòkòrò éèdì lára. Láti ìgbà náà, wọn kì í bá a ṣínu nínú àwo kan mọ́. Bùtà tó bá fi ṣe àlùwàlá, ẹlòmíràn kò ní fọwọ́ kàn án. Tí wọ́n bá dìde fún ìrun, wọ́n á fi àyè sílẹ̀ lọ́tùn-ún rẹ̀ àti lósì rẹ̀. Ṣebí èjìká kan èjìká là ń kọ́ àwọn ọmọ nílé kéwú! Èkejì, ọ̀dọ́mọkùnrin ló kọ ọ́. Ó rí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ lára owó tí kọ̀ǹdọ́ fún un ní ṣẹ́ńjì. Ó ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀mẹrin, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, síbẹ̀ kò rí oorun sùn.

Ẹ jẹ́ ká mọ bí àrùn náà ṣe ń rìn. HIV tó ń fa éèdì máa ń gba ọ̀nà ìbálòpọ̀ wọlé, àti abẹ́rẹ́ tàbí abẹ tó ní ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lára, àti gbígba ẹ̀jẹ̀ tí wọn kò yẹ̀ wò, àti láti ara ìyá sí ọmọ. Bíbọ ara ẹni lọ́wọ́ kì í kó o ranni. Òógùn kò lè gbé e, ẹ̀fọn kò lè gbé e. Àwo kan náà, bùtà kan náà, ẹní ìrun kan náà, ṣáláńgá kan náà, kò sí èyí tó ń kó o ranni. Kódà nínú 1,000 òṣìṣẹ́ ìlera tí abẹ́rẹ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ àrùn yìí gún, nǹkan bíi 3 ló ń kó o. Abẹ́rẹ́ tó wọnú ara nìyẹn o! Ti àwo ńkọ́? Ẹni tí irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ bá sì gún, kó tètè lọ sí ọsibítù kí wákàtí 72 tó pé. Oògùn wà tí wọ́n máa fún un lò fún ọjọ́ 28.

Àwọn ènìyàn wa ń pè é ní kògbóògùn. Ó ti ń gbóògùn báyìí, bí kò tilẹ̀ kúrò lára pátápátá. Ẹni tó bá ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́ títí àyẹ̀wò kò fi lè rí kòkòrò náà mọ́, kì í kó o ran ìyàwó rẹ̀ pàápàá lórí ibùsùn.

Nínú Súratun-Núúr, áyà 61, Ọlọ́hun dárúkọ afọ́jú, arọ àti aláìsàn, Ó sì mú ẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbi kí ènìyàn jọ jẹun. Àwọn kan nínú àwọn onítafsíìrì ní àwọn ará Mọdínà ló ti ń sá fún oúnjẹ àwọn aláìsàn kí áyà náà tó sọ̀. Ẹnìkan á ní, "Àlfà, ṣebí Ànábì ní ká sá fún adẹ́tẹ̀ bíi kìnnìún?" Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà nínú Bùhárì. Ìṣọ́ra kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí àrùn ń gbà la ti ń ṣọ́ra fún un. A ti ilẹ̀kùn tí olè kò lè gbà, a wá ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu.

Fèrèsé ọ̀hún ni abẹ. Bábà tó ń fi bíléèdì kan fá orí ènìyàn mẹ́wàá, olóòlà tó ń dábẹ́ ọmọ, ẹni tó ń fá orí ọmọ tuntun níbi ìsọmọlórúkọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi àlfà tẹ́ ẹ ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù. Àrùn ẹ̀dọ̀ tí dókítà ń pè ní hepatitis B le ju HIV lọ níbẹ̀, nítorí kòkòrò rẹ̀ lè wà láàyè lára abẹ fún ọjọ́ 7. Òun náà kì í ti inú àwo oúnjẹ wá. Ó sì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, èyí tó yẹ kí ọmọ gbà kí wákàtí 24 tó pé tí a bí i. Àgbà náà lè gbà á. Bíléèdì tuntun kò wọ́n; kí wọ́n tú u lójú yín.

Ìwọ ọ̀dọ́mọkùnrin, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ lára owó kò lè fún ọ ní éèdì. Bí oṣù mẹ́ta bá ti kọjá lórí ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù, tí àyẹ̀wò sì ní kò sí, ó tán nìyẹn, má yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ẹni tó bá ṣe iyèméjì lórí ìrun pé bóyá àlùwàlá òun ti bàjẹ́, Ànábì ní kó má kúrò níbẹ̀ àfi tó bá gbọ́ ìró tàbí òórùn. Òfin kan náà ni kó o lò. Bí ròyíròyí náà kò bá jẹ́ kó o sùn, lọ rí dókítà tó ń tọ́jú ọkàn. Àìsàn ni, ó ní ìtọ́jú, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àlùjànnú ni.

Wọ́n tún ń sá fún òkú ẹni tí éèdì pa. Fàrílà ni ìwẹ̀ òkú. Bí gbogbo wa bá sá, gbogbo wa la jẹ̀bi. Ẹ bo ojú ọgbẹ́ ọwọ́ yín, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ wẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe ń wẹ òkú mùsùlùmí yòókù.

Ẹ̀yin ará mọ́sálásí yẹn, bí ẹ bá ń gbọ́ mi, ìrọ̀lẹ́ òní ni kẹ́ ẹ pè é padà sídìí àwo. Kí Lèmọ́mù fúnra rẹ̀ jókòó tì í, kó kọ́kọ́ bá a bu òkèlè.

Lọ́la, bí Ọlọ́hun bá fẹ́, a ó sọ̀rọ̀ lórí sàká ìtúnu ààwẹ̀.