Kí A Tó Bá Ọmọ Wí: Ọ̀rọ̀ Lórí Kọ̀ǹpútà Tó Ń Kú Lójú Géèmù

(Ọ̀rọ̀ tí tọkọtaya kan sọ níbi ìpàdé àwọn ìdílé)

A kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Òbí tó ṣìṣe tó sì ti ibẹ̀ kọ́gbọ́n ni wá.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, kọ̀ǹpútà alágbèéká ọmọ wa ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́rìnlá, bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì. Bó bá ń fi ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń ta géèmù Fortnite lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní pé ogún ìṣẹ́jú tí ojú ẹ̀rọ á fi ṣókùnkùn. Kíá la dájọ́. A ní ó ti lọ gba ohun tí kò yẹ sórí ẹ̀rọ. Ọmọ náà ní òun kò ṣe nǹkan kan, a kò gbọ́. A gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn gbà lọ́wọ́ wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan wà ní Ìbàdàn. Òun àti ọmọ wa ni wọ́n jọ máa ń ta géèmù náà ní alẹ́ Sátidé. Yorùbá ni wọ́n fi ń pariwo sí ara wọn létí: "Sá pamọ́!" "Ó wà lẹ́yìn rẹ!" "Ṣé o ò ríran ni?" Ọmọ tí a máa ń fi Yorùbá bá sọ̀rọ̀, tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá wa lóhùn, òun náà ló ń fi Yorùbá ṣe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yẹ̀yẹ́. Nígbà tí a gba ẹ̀rọ, Yorùbá yẹn dákẹ́ nínú ilé wa, ọmọ náà sì dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Bàbá wa àgbà ló pè láti Ìbàdàn. Wọ́n ní: "Níbí, iná ọba ló máa ń lọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù tí iná wà, kí ló wá ń pa ẹ̀rọ? Ṣé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò?" Ojú tì wá. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwa tilẹ̀ rèé, a kò gbọ́ ti ẹnì kankan ká tó dá tiwa.

A gbé ẹ̀rọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Wọn kò ṣí i, wọ́n ní ká ra tuntun. A gbé e padà sílé, àwa àti ọmọ náà sì jókòó tì í.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ wo bó ṣe ń kú. Bí gbogbo ẹ̀rọ bá kú lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí a fa wáyà yọ, ẹ kọ́kọ́ fura sí ooru, tàbí iná tí kò tó o. Bí ojú rẹ̀ bá di búlúù tó sì kọ àṣìṣe kan síbẹ̀, ẹ da ohun tó kọ sínú ìwé: ó sábà máa ń jẹ́ ti mẹ́mórì, tàbí ti driver, ìyẹn ètò tó ń darí ẹ̀yà ẹ̀rọ. Bí géèmù nìkan bá pa dé tí ìyókù ń ṣiṣẹ́, ẹ yẹ fáìlì géèmù àti driver wò. Íntánẹ́ẹ̀tì tó ń falẹ̀ kì í pa ẹ̀rọ. Ó kàn máa ń já ọmọ sílẹ̀ nínú géèmù ni.

Nínú Event Viewer, ìwé àkọsílẹ̀ tó wà nínú Windows, a rí "Kernel-Power 41", àyà wa sì já. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ kò ju pé ẹ̀rọ kú láìjẹ́ pé a pa á bó ṣe yẹ. Kò sọ ohun tó pa á.

Ohun kejì, ẹ má yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ wa mú ìwé, ó ń kọ aago tí ẹ̀rọ kú àti ibi tó gbé e lé. Lórí bẹ́ẹ̀dì, ogún ìṣẹ́jú. Lórí tábìlì, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. A fi HWiNFO, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, wo ooru rẹ̀: ó ti ń lọ sí 100°C.

Iṣẹ́ ilé-ìwé kì í lá kọ̀ǹpútà láàgùn. Géèmù ló ń mú un ṣiṣẹ́ láìsinmi, bí ẹni tó ń gún iyán fún àlejò ìgbéyàwó. Fáànù ló yẹ kó fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé, kó sì ti ooru jáde. Bí ooru bá pọ̀ jù, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ dẹwọ́. Bí kò bá rọlẹ̀, á pa ara rẹ̀ kó má baà jóná.

A pa ẹ̀rọ, a yọ ṣájà, a ṣí ìdí rẹ̀, a sì yọ okùn bátìrì. Eruku dì mọ́ ẹnu fáànù bí òwú. A di fáànù mú kó má baà yí, a fi agolo afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà a dín iye àwòrán tí géèmù ń yà kù sí 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti ọjọ́ náà, kò kú mọ́.

Bí tiyín kò bá jẹ́ ooru, ẹ wo ṣájà: èyí tó jẹ́ watt 45 kò lè bọ́ ẹ̀rọ tó ń fẹ́ 65. Ẹ fi Windows Memory Diagnostic yẹ mẹ́mórì wò. Ẹ gba driver tuntun lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é gan-an. Ṣùgbọ́n bí bátìrì bá ti wú, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó lè gbiná.

Ó ku ohun kan. A pe ọmọ wa jókòó, a sì bẹ̀ ẹ́. Àwọn kan lè ní òbí kì í bẹ ọmọ. Àwa rí i pé ọmọ tí a fẹ̀sùn èké kàn tí a kò sì bẹ̀, kò ní sọ tẹnu rẹ̀ fún wa mọ́, ì báà jẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ì báà jẹ́ ní Yorùbá. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, a gbọ́ ọ láti yàrá rẹ̀: "Ṣé o ò ríran ni?" A wo ara wa, a rẹ́rìn-ín.

Ọmọ wa kò ní di àjèjì sí wa o.