Ojú Ìjọba ní Òrítà Douala

Ní Douala, ìlú èbúté ńlá ilẹ̀ Kamẹrúùnù, iye kìlómítà ọ̀nà ni wọ́n fi ń dárúkọ àwọn àdúgbò kan. PK8 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tí ó ń tajà ní ẹ̀bá ọ̀nà níbẹ̀, tàbí tí ó ń gun alùpùpù agbérò tí wọ́n ń pè ní bendskin, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ròyìn olè fún un. Nítorí náà, nígbà tí Ìjọba ilẹ̀ náà, pẹ̀lú iléeṣẹ́ Huawei ti ilẹ̀ Ṣáínà, ń ri ẹ̀rọ ayàwòrán mọ́ orí òpó ní àwọn ìlú ńlá, tí wọ́n sì ṣí ilé ìdarí rẹ̀ sí Yaoundé ní ọdún 2019, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu bí inú ará ìlú bá dùn.

Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin olùgbọ́ wa, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ní ọdún 2000, ọ̀rọ̀ olè kan náà ni wọ́n tìtorí rẹ̀ dá ikọ̀ Commandement Opérationnel sílẹ̀ ní Douala. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2001, wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́sàn-án ní àdúgbò Bépanda, wọ́n ní wọ́n jí ìgò gáàsì. Láti òpin oṣù náà, àwọn òbí wọn kò fojú kàn wọ́n mọ́.

Ìjọba yìí náà ni ó gé íntánẹ́ẹ̀tì Buea àti Bamenda fún oṣù mẹ́ta ní ọdún 2017. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025, lẹ́yìn ìdìbò Ààrẹ, àwọn ará Douala tú sí ìgboro láti fẹ̀hónú hàn, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ẹni tí ó dúró ní òrítà ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ oníjàgídíjàgan, ó sì lè jẹ́ ìyá tí ń wá ọmọ rẹ̀. Àwòrán kò mọ ìyàtọ̀; ẹni tí ń wò ó ni yóò pinnu.

Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2024, wọ́n ṣe òfin lórí ààbò ìsọfúnni nípa ara ẹni. Ó dára. Ohun tí a óò máa wò ni bóyá ará PK8 lè lọ bi ọlọ́pàá pé, “Àwòrán mi ti ọjọ́ báyìí, ọwọ́ ta ni ó wà? Ìgbà wo ni ẹ óò pa á rẹ́?” kí ó sì padà sílé ní àlàáfíà.

Àwa ní Nàìjíríà kò ní ẹnu láti fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní ọdún 2010 a bá iléeṣẹ́ ZTE ṣe àdéhùn 470 mílíọ̀nù dọ́là nítorí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Àbújá àti Èkó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kú mọ́ orí òpó, gbèsè kò sì bá wọn kú.

Bí Ìjọba Kamẹrúùnù bá fẹ́ kí àwọn ará Douala gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ yìí, kí ó ri ọ̀kan mọ́ ẹnu ọ̀nà àtìmọ́lé kọ̀ọ̀kan. Ìbá ṣe pé ọ̀kan wà níbẹ̀ ní ọdún 2001, àwọn òbí ní Bépanda ìbá mọ ẹni tí ó kó àwọn ọmọ wọn jáde, àti wákàtí tí ó kó wọn jáde.