Kọ Ọ́ Bó Ṣe Rí



Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ Yorùbá tó ti di ọmọ onílùú ní Amẹ́ríkà, pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Dádì, mo ríṣẹ́ tó jẹ mọ́ ti ológun. Wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ gba security clearance, ìyẹn àṣẹ láti mọ àṣírí ìjọba. Ṣùgbọ́n ní ọdún 4 sẹ́yìn, ọlọ́pàá mú mi pé mo mutí yó wakọ̀. Àǹtí mi ní kí n kọ 'Rárá' sínú fọ́ọ̀mù, pé ta ló máa mọ̀?"

Ta ló máa mọ̀? Wọ́n máa mọ̀ o! Wọ́n á yẹ ìwé ọlọ́pàá wò, wọ́n á bi aládùúgbò àti ọ̀gá ibi iṣẹ́. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n mọ̀ sí SF-86 ń béèrè bóyá ọtí ti ba iṣẹ́, owó tàbí ìdílé rẹ jẹ́ láàárín ọdún 7. Tó bá wá jẹ́ pé wọ́n ti fi ẹ̀sùn ọtí kàn ọ́ rí, kò sí pé ó ti pẹ́: kíkọ ni o máa kọ ọ́.

Ìlànà tí wọ́n fi ń dá a, SEAD 4, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù June 2017. Abala G ló sọ̀rọ̀ ọtí. Ẹ gbọ́ o, kò ti ilẹ̀kùn pa! Ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó jẹ́wọ́ pé ọtí bá òun fínra, tó gba ìtọ́jú, tí ìwà rẹ̀ sì fi hàn pé ó ti yí padà. Irọ́ ńkọ́? Abala E ni tiẹ̀, ó sì lè ba iṣẹ́ tí ọtí kò bà jẹ́ jẹ́. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ fún ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 5 jura.

Noa mutí yó nínú Gẹ́nẹ́sísì 9, Bíbélì kò sì fi pamọ́. Síbẹ̀, ẹ ṣí Hébérù 11, orúkọ Noa wà níbẹ̀! Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?

Mo ní, "Ọmọ mi, kọ ọ́ bó ṣe rí. Tọ́jú ìwé ilé ẹjọ́, tọ́jú ìwé dókítà. Tí wọ́n bá kọ̀wé pé àwọn ń ṣiyèméjì, dáhùn lásìkò." Mo wá bi í pé, "Ṣé o ṣì ń mu ún?"

Ó dákẹ́.

Mo ní, "Hẹn, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà, kì í ṣe inú fọ́ọ̀mù."

Mi ò ṣèlérí fún un pé wọ́n á fún un. Ìlànà yẹn sọ pé níbi tí iyèméjì bá wà, ààbò orílẹ̀-èdè ni wọ́n máa gbè. Ṣùgbọ́n ó ti lọ rí dókítà báyìí, ó sì ti kọ òtítọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin àǹtí, ẹ má kọ́ ọmọ nírọ́ mọ́. Ìwọ tó ń mu ún níkọ̀kọ̀, má dúró dìgbà tí fọ́ọ̀mù bá bi ọ́. Tọ ẹni tó lè ràn ọ́ lọ́wọ́ lọ lónìí. Ẹ dìde, ká gbàdúrà.