Ẹrù Ọmọ Tó Ń Lọ Òkè Òkun

  

Akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ́kọ́ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìdàgbàsókè. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀. Iṣẹ́ ẹrù ni mo ń ṣe l'Ékòó, ẹrù tó ń lọ òkè òkun ni mo fi ń jẹun. Àwa Òkun náà sì ni òkè òkun ń gbà lọ́wọ́ wa báyìí, nítorí mi ò rò pé ìdílé kan wà nínú gbọ̀ngàn yìí tí kò ní ọmọ tàbí àbúrò kan tó ti lọ, tàbí tó ń múra àtilọ. Òbí á ta kaṣú, á ta ilẹ̀, á fi san owó ilé-ìwé àti físà. Ìwọ̀nba owó tó bá ṣẹ́ kù, tó yẹ kí ọmọ fi jẹun ní oṣù àkọ́kọ́, ni mo máa ń rí tó ń tán sórí páálí tí ohun inú rẹ̀ kò tó owó tí wọ́n fi gbé e.

Mo mọ ibi tí àṣà náà ti wá. Láyé àwọn bàbá wa, ọkọ̀ ojú omi ni akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ̀. Ọkọ̀ Aureol ti ilé-iṣẹ́ Elder Dempster, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1951, ń gbé èèyàn láàárín Èkó àti Liverpool, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lórí omi. Ẹni tó bá wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gbé àpótí páànù tí géńdé méjì ń gbé, tí a fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ sí lára. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé irú àpótí bẹ́ẹ̀ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé bàbá ẹnìkan níbí. Aureol ti kógbá sílé láti 1974. Ọkọ̀ òfurufú ló kù, òun sì ń ka kílò bí ẹni ń ka owó. Àwa la ò tíì kúrò nínú àpótí páànù: a ṣì gbà pé ẹni tó bá ń lọ jìnnà gbọ́dọ̀ ru ilé rẹ̀ dání.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹrù tí ẹ ti sanwó rẹ̀, ìyẹn èyí tó wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì. Lórí ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì tó ń lọ láti Èkó sí London, báàgì méjì ni, kílò 23 lọ́kọ̀ọ̀kan, láìka èyí tí a ń gbé lọ́wọ́. Kílò 46 nìyẹn. Tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn dín owó kù díẹ̀, báàgì kan péré ló sì fún yín. Ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó san owó, torí pé báàgì kejì tí ẹ bá lọ sanwó rẹ̀ ní pápákọ̀ lè jẹ ju ohun tí ẹ rò pé ẹ fi ṣe èrè lọ. Báàgì fúnra rẹ̀ náà ń jẹ kílò. Àpótí líle tó rẹwà, onítáyà mẹ́rin, lè tó kílò márùn-ún ní òfìfo. Bí ó bá jẹ́ méjì, kílò mẹ́wàá ti lọ kí ẹ tó fi ṣòkòtò kan sí i.

Ẹ má gbàgbé pé ọ̀pọ̀ wọn ń dá lọ ni. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń lọ Ìlú Ọba kò lè mú aya tàbí ọmọ dání mọ́, àfi àwọn tó ń ṣe ẹ̀kọ́ ìwádìí bíi PhD àti ìwọ̀nba àwọn mìíràn. Ní oṣù kẹta ọdún kan náà, òfin náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lọ tọ́jú arúgbó. Ẹnìkan ṣoṣo ni ẹ ń di ẹrù fún. Kílò 46 tó o, bí a bá yan ohun inú rẹ̀ dáadáa.

Bí ẹrù bá wá pọ̀ ju ti tíkẹ́ẹ̀tì lọ, ọ̀nà méjì ló wà, òfurufú àti omi. Ibí ni wọ́n ti ń jẹ owó àwọn èèyàn wa. Ìyá kan á di ìrọ̀rí méjì àti bùláńkẹ́ẹ̀tì sínú páálí, á gbé e sórí ìwọ̀n, á rí kílò mẹ́sàn-án, inú rẹ̀ á dùn. Àwọn tó ń gbé ẹrù lójú òfurufú kò wo ìwọ̀n nìkan, wọ́n ń wo àyè tí páálí gbà. Wọ́n á wọn gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po ara wọn, wọ́n á pín in sí 5,000. Ká sọ pé páálí náà jẹ́ 60, 50 àti 40. Ìlọ́po wọn jẹ́ 120,000. Pín in sí 5,000, ó di 24. Kílò 24 ni ìyá á san lórí kílò mẹ́sàn-án. Bí ó bá jẹ́ kágò ọkọ̀ òfurufú gan-an, 6,000 ni wọ́n sábà ń fi pín in, á di 20. Ìrọ̀rí rèé, tí ọmọ lè rà ní ọ̀sán ọjọ́ kejì tó bá débẹ̀.

Ohun wúwo tó kéré ló yẹ òfurufú. Ohun tó bá gba àyè, tí kò sì kánjú, ni kẹ́ ẹ fi sómi. Lórí omi, àyè tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan ni wọ́n fi ń díyelé ẹrù àwọn tó bá jọ pín kọ̀ǹténà. Páálí mẹ́jọ irú èyí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò kún un. Ó máa ń pẹ́, ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni, oṣù nígbà mìíràn. Ẹ kíyè sí i pé owó tí ajẹ́ntì bá pè fún yín ní Àpápá lè máà jẹ́ gbogbo owó. Ẹ bi í bóyá títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ni, tàbí etíkun lọ́hùn-ún ni. Bí ó bá jẹ́ etíkun, ọmọ yín ni yóò san owó ìgbẹ́rùsílẹ̀, owó ìwé àti owó ọkọ̀ tí yóò gbé e délé, ní pọ́n-ùn. Ẹ jẹ́ kó kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé.

Kí ló wá yẹ kó lọ? Aṣọ wa: òfì, àǹkárá tí a ti rán, fìlà, gèlè. Ohun tí tẹ́lọ̀ yín mọ̀ mọ́ ọn lára kò sí ní ọjà wọn. Kóòtù òtútù, bí ẹ bá rí èyí tó dára nínú òkìríkà, kí ọmọ wọ̀ ọ́ sára wọ ọkọ̀. Ohun tó bá wà lára kì í gun orí ìwọ̀n. Ìkòkò, abọ́, aago ògiri, ẹ fi sílẹ̀. Bílẹ́ńdà kọ́? Iná Ìlú Ọba àti tiwa bára mu, píláàgì onímẹ́ta kan náà la jọ ń lò. Iná Amẹ́ríkà àti ti Kánádà jẹ́ 120, kò tó èyí tí bílẹ́ńdà tiwa nílò; òkúta lásán ni ọmọ gbé débẹ̀. Aṣọ àtijọ́ ilẹ̀ Bùnú, pàápàá aṣọ ipò pupa tó jẹ́ ti ìsìnkú àgbà, ẹ jẹ́ kó wà nílé. Ère àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kò sì gbọdọ̀ jáde láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tó ń mójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ìyẹn NCMM.

Oúnjẹ ló ń fa ẹkún jù ní pápákọ̀. Ìlú Ọba kò gba ẹran tàbí wàrà láti ọ̀dọ̀ wa. Ẹran ìgbẹ́ tí a yan, kílíṣí, mílíìkì oníyẹ̀ẹ́fun, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbà jù dànù. Wọ́n gba ẹja, títí dé 20 kílò, bí ó bá jẹ́ fún jíjẹ ẹni. Iṣu tútù ń fẹ́ ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn láti ọwọ́ NAQS, àjọ ìjọba wa tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò. Ẹ̀lùbọ́ àti gàrí tí a dì dáadáa kì í ní wàhálà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ẹ̀wà sílẹ̀. Láti ọdún 2015 ni European Union ti ń dá ẹ̀wà gbígbẹ wa padà nítorí oògùn kòkòrò tí a ń fín sí i, ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn kan àwa tí a ń jẹ ẹ́ nílé pàápàá. Bí ó bá jẹ́ Amẹ́ríkà, kí ọmọ sọ gbogbo oúnjẹ tó gbé fún aṣọ́bodè. Ẹni tó bá fi pamọ́ lè san ìtanràn tó tó 1,000 dọ́là.

Ìwé náà ṣe pàtàkì ju ìnájà lọ. Ẹni tó ń kó lọ gbé ní Ìlú Ọba lè gba ẹrù ara rẹ̀ wọlé láìsan owó bodè, bí ó bá ti kọ ìwé ToR1 sí HMRC, tí wọ́n sì ti fọwọ́ sí i. Wọ́n fẹ́ mọ̀ pé ó ti gbé lẹ́yìn òde ilẹ̀ wọn fún oṣù méjìlá tó tẹ̀léra, pé ẹrù náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ti ń lò ó, fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán. Ẹ rí i pé ohun tuntun tí a máa ń sáré rà fún arìnrìn-àjò lọ́sẹ̀ tó ń lọ ni kò ní sí lábẹ́ àǹfààní yìí. Àlòkù ni òfin ń ṣíjú àánú wò. Akẹ́kọ̀ọ́ ní ètò tirẹ̀ lórí aṣọ, ìwé àti ohun èlò yàrá. Ní Kánádà, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń lọ gbé ibẹ̀ bá wọlé ni yóò fi orúkọ gbogbo ẹrù sílẹ̀, èyí tó gbé dání àti èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun tí kò bá kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà lè di ohun tí yóò sanwó lé. Nítorí náà, ẹ kọ ohun tó wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń kó o sí i, ẹ má fi dọ̀la.

Mo wá dé ibi tó le, torí pé ìbátan ló wà ńbẹ̀. Bí ìròyìn bá ti tàn pé ọmọ yín ń lọ, ìyá àdúgbò á gbé ọ̀rá kan wá fún ọmọ tirẹ̀ tó wà ní Manchester. Ẹ̀gbọ́n ọkọ á gbé àgbo. Ọ̀rẹ́ ọmọ á mú páálí kékeré tí wọ́n ti fi téèpù dì pinpin. Ta ni yóò sọ fún àgbàlagbà pé òun kò gbà? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Ní òpin ọdún 2018, wọ́n mú akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yunifásítì kan láti Kánò ní Sàúdí, nítorí báàgì tí tramadol wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ lẹ̀ ní pápákọ̀ Kánò. Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìparí oṣù kẹrin ọdún 2019 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀. Lọ́dún 2025, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí arìnrìn-àjò mẹ́ta láti pápákọ̀ kan náà, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n lò ní àhámọ́ kí NDLEA tó bá wọn yọrí rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò gba ẹrù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbà á ńkọ́, kí ló fẹ́ sọ?

Mo dábàá pé kí a má fi ọ̀rọ̀ yìí lé ọmọ lọ́wọ́. Ojú á tì í. Àgbà ilé ni kó sọ ọ́, kó sì sọ ọ́ ṣáájú, lọ́jọ́ àdúrà ìdágbére, létí gbogbo ẹbí: «Ẹ má bínú, ohunkóhun tó bá ń bá ọmọ yìí lọ, a ó tú u lójú gbogbo wa, a ó sì tún un dì.» Ẹni tó bá kọ̀ kí wọ́n tú ẹrù òun, kó gbé e padà. Àgbo kò lọ rárá. Oògùn tí ọmọ fúnra rẹ̀ ń lò, kó lọ pẹ̀lú ìwé dókítà. Ní pápákọ̀, kó ka ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ fún un: bí báàgì rẹ̀ bá jẹ́ méjì, méjì ni ìwé náà gbọ́dọ̀ jẹ́. Kó fi fóònù ya àwòrán báàgì lórí ìwọ̀n. Ìwé-ẹ̀rí ilé-ìwé àti power bank kì í wọ inú báàgì ìsàlẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n ń gbé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣe kò ná owó púpọ̀. Ojúgbà ni yín, ọmọ yín náà sì di ojúgbà. Lóṣù kẹjọ, nígbà tí ilé-ìwé wọn fẹ́ wọlé, bí mẹ́rin tàbí márùn-ún wọn ṣe ń lọ sí ìlú kan náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ajẹ́ntì ní iye àyè tó kéré jù tí wọ́n ń gba owó rẹ̀, bóyá ẹrù yín kún un tàbí kò kún un. Páálí méjì ẹnìkan kò lè kún un, àmọ́ páálí mẹ́jọ èèyàn mẹ́rin fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un. Kí wọ́n jọ pín owó náà. Kí orúkọ olúkúlùkù wà lára páálí tirẹ̀, kí ìwé ohun inú rẹ̀ sì dá wà, nítorí aṣọ́bodè kò mọ ẹgbẹ́, ẹnìkọ̀ọ̀kan ni ó mọ̀. Kí a sì di gbogbo páálí níbí, nínú gbọ̀ngàn yìí, níṣojú àwọn òbí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Mo ti mú ìwọ̀n alákọ̀ọ́ kan wá fún ẹgbẹ́, irú èyí tí a fi ń so báàgì rọ̀. Ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń lọ lóṣù tó ń bọ̀, kó gbé báàgì náà wá sí ìpàdé tó kàn, ní òfìfo, ká kọ́kọ́ mọ iye tí báàgì ń jẹ.