Owó Lọ, Èsì Kò Bọ̀: Bí Dátà Ṣe Ń Rìn ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

 

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó bébà wọ́n bí ojú, mo dúró lábẹ́ agboorùn oní-POS kan ní Òṣòdì Ìsàlẹ̀. Obìnrin kan tó wà níwájú mi fẹ́ gba 5,000 náírà. Ó ki káàdì bọ ẹ̀rọ, ó tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ ń yí, ó ń yí. Kò pẹ́ ni fóònù obìnrin náà dún: báǹkì ti yọ owó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ní iṣẹ́ náà kò yọrí. Oní-POS ní òun ò rí owó kankan, obìnrin ní owó òun ti lọ. Kí a tó ṣẹ́jú, ariwo ti sọ, wọ́n ti ń pe ọmọbìnrin oní-POS ní olè. Ó dùn mí gan-an, nítorí mo mọ̀ pé òtítọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ohun tó mú kí òtítọ́ méjì dojú ìjà kọ ara wọn ni mo wá ṣàlàyé.

Ẹ̀yin oní-POS, ẹ wo ẹ̀rọ yín dáadáa. Lójú àwọn kan nínú wọn, ẹ óò rí lẹ́tà mẹ́rin kan: GPRS. Síìmù wà nínú ẹ̀rọ náà, bó ṣe wà nínú fóònù. Láti mọ ohun tí GPRS ń ṣe, ìpè fóònù la óò ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí GSM bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ká Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, ìpè ló gba gbogbo ọkàn wa. Nínú ìpè GSM, wọ́n pín ọ̀nà afẹ́fẹ́ kan sí àyè mẹ́jọ, àwọn àyè náà ń tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n sì ń yí po ní nǹkan bí ìgbà 217 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá ń pè, àyè kan di tirẹ̀ títí yóò fi gé ìpè. Bó ń sọ̀rọ̀, bó dákẹ́, bó ní kí ẹ jẹ́ kí òun lọ mú bírò, àyè náà kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó háyà odidi dánfó láti Òṣòdì lọ sí Ìkẹjà: òun nìkan lè jókòó síbẹ̀, kọndọ́ kò sì gbọdọ̀ gbé ẹlòmíràn.

Ìnáwó ni bí dátà bá ń rìn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ka ìròyìn lórí fóònù ń fà á wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, yóò wá fi ìṣẹ́jú márùn-ún kà á. Kí ló fẹ́ fi àyè ṣe ní gbogbo àkókò yẹn? Ní àwọn ọdún 1960, ọkùnrin méjì dáhùn ìbéèrè yìí, kálukú lọ́tọ̀: Paul Baran ní Amẹ́ríkà àti Donald Davies ní Ìlú Ọba. Wọ́n ní kí a gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, kí a kọ ibi tó ń lọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sí ara ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì máa lọ. Davies ló sọ ẹyọ náà ní “packet”, ìdì kékeré. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi wébíìlì ránṣẹ́ láti Òṣòdì sí Ìbàdàn kò ní rí ohun àjèjì níbẹ̀. Ẹrù tí kò gba inú ọkọ̀ kan, ẹ ó dì í ní mẹ́wàá, ẹ ó kọ nọ́ńbà sí i lára, ọkọ̀ mẹ́ta sì lè pín in gbé. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn ni yóò kà á. Bí ìdì keje kò bá dé, yóò pè yín.

GPRS ló mú ìdì wọ inú GSM. Àyè mẹ́jọ ọjọ́sí náà ló ń lò, àmọ́ yíyá ló ń yá a: bí ìdì bá ti kọjá, àyè di ti ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìwọ̀n ẹrù ni wọ́n ń gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ wa lórí dátà, kì í ṣe ìṣẹ́jú. 3G àti 4G fẹ ọ̀nà náà lójú, kódà lórí 4G ìpè pàápàá lè di ìdì, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí gbogbo èrò jọ ń tọ̀ ṣì ni. Nírọ̀lẹ́ ní Òṣòdì, àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè kún fóònù yín kí dátà má sì rìn. Bí agbára òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń dé ọ̀dọ̀ yín ni àmì yẹn ń sọ. Kò sọ iye èèyàn tó so mọ́ òpó náà pẹ̀lú yín. Ẹ gbé fóònù yẹn wá sílé ní Ìsọlọ̀, kí ẹ gbìyànjú ní aago méjì òru. Yóò máa sáré. Èrò ló dín.

Ẹ jẹ́ ká padà sábẹ́ agboorùn. Ohun tí POS ń rán kéré gan-an, kò tó fọ́tò WhatsApp kan. Ó gba òpó dé ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó gba ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó so báǹkì pọ̀ mọ́ra, ó wá dé báǹkì obìnrin náà. Báǹkì wo àkáǹtì, ó yọ owó, ó sì rán èsì padà. Ìlọ wà, àbọ̀ wà. Lọ́jọ́ yẹn, ìlọ yọrí, àbọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ lásìkò. A máa ń tún ìdì tó sọnù rán, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ POS ní iye àkókò tó lè fi dúró. Bó bá ti pé, ó gbà pé iṣẹ́ kò yọrí nìyẹn. Ó wá yẹ kí iṣẹ́ mìíràn lọ bá báǹkì pé kó dá owó padà, ojú ọ̀nà tó ti dí náà ni iṣẹ́ ọ̀hún sì máa gbà.

Báǹkì Àpapọ̀ ti pàṣẹ ní oṣù kẹfà ọdún 2020 pé kí àwọn báǹkì yanjú irú owó POS bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí 72. Lójú tèmi, ọjọ́ mẹ́ta ti pọ̀ jù fún ẹni tí owó oúnjẹ ilé rẹ̀ ló há, báǹkì tó bá sì kọjá ọjọ́ mẹ́ta kò ní àwíjàre kankan.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín. Bí ẹ̀rọ bá ní kò yọrí, ẹ wo àkáǹtì yín kí ẹ tó fi káàdì sí i lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ gba ìwé tó bá tẹ̀ jáde, ẹ má sọ ọ́ nù. Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ni báǹkì yóò fi tọpa owó yín. Kí ẹ sì fi ọmọbìnrin tó jókòó sábẹ́ agboorùn sílẹ̀. Owó yín kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.